Ẹni Tó Ń La Ọ̀nà fún Ooru

Ẹrù àkọ́kọ́ tí Mọ́mì máa ń gbé wọ inú ẹ̀rọ láràárọ̀, kò sí aláìsàn kankan tí yóò kàn lára. Òkìtì táwẹ̀lì ni. Wọ́n á ká táwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ìká kan náà, wọ́n á tò ó lérí ara wọn títí yóò fi ga tó ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé, wọ́n á sì ki bébà pẹlẹbẹ kan bọ àárín gbùngbùn rẹ̀. Lára bébà yẹn ni wọ́n ti lẹ tépù méjì tó dábùú ara wọn. Wọ́n á fi aṣọ dì í, wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ ìsàlẹ̀, òun nìkan ṣoṣo nínú ọ́tókíléèfù, ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi pa kòkòrò, tí àgbà méjì lè jókòó sí, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀ ni ooru omi yóò fi wà lórí rẹ̀ ní 134°C. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, Mọ́mì kì í wo ẹ̀yìn òkìtì náà rárá. Àárín ni wọ́n ń ti ọwọ́ bọ̀ tààrà.

“Ẹ wò ó,” ni wọ́n wí, wọ́n na bébà náà sí mi. Ìlà ara tépù tó funfun bí ẹ̀kọ tẹ́lẹ̀ ti dúdú, láti etí kan dé èkejì, àárín kò sì yàtọ̀ sí ìkángun. “Afẹ́fẹ́ ti jáde. A lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.”

Ọkùnrin méjì kan, Bowie àti Dick, ló gbé ìdánwò yìí jáde ní Edinburgh lọ́dún 1963, ó sì ti di iṣẹ́ àárọ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń lo ẹ̀rọ tó ń kọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́ jáde kí ó tó fín ooru wọlé. Ohun tó wú mi lórí nínú rẹ̀ ni irú ìbéèrè tí ó ń bi ẹ̀rọ. Bóyá ẹ̀rọ gbóná kọ́ ló ń béèrè, aago ojú ẹ̀rọ ti dáhùn ìyẹn. Ó ń béèrè bóyá ooru dé ibi tó ṣòro jù lọ láti dé, ní àárín aṣọ tí a ká, tí a tún ká, tí a tún to aṣọ mìíràn lé lórí.

Ilé-ìwòsàn ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá ni mo wà, ní ẹ̀ka tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní CSSD. Ẹ̀yìn yàrá iṣẹ́-abẹ ló wà, àlejò kì í gba ibẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun èlò tí dókítà fi ń ṣí ara ènìyàn ń padà sí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára, ibẹ̀ náà ló sì ti ń jáde nínú aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi dì í. Obìnrin tó ti lo ọgbọ̀n ọdún ó lé lẹ́nu iṣẹ́ ni olórí ibẹ̀. Mọ́mì ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè wọ́n, èmi náà sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Mo wá torí pé mo fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń di ọ̀gá nínú iṣẹ́ tí ojú kò lè rí àbájáde rẹ̀. Bí télọ̀ bá rán aṣọ, ẹni tó wọ̀ ọ́ yóò mọ̀ bó bá fún un lábíyá. Bí alásè bá se ọbẹ̀, ahọ́n yóò sọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbé àdìpọ̀ méjì síwájú mi, ọ̀kan tí kòkòrò inú rẹ̀ ti kú tán, ọ̀kan tí kòkòrò ṣì wà láàyè nínú rẹ̀, n kò ní dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Mọ́mì pàápàá kò ní dá wọn mọ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí wà nínú ohun tí ọwọ́ wọn ṣe kí ilẹ̀kùn tó tì.

Ẹni tó bá ti se mọ́ínmọ́ín eléwé rí ti mọ ìdajì ìmọ̀ iṣẹ́ yìí, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. A ó tẹ́ igi ewé sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, a ó bu omi díẹ̀ sí i, a ó to mọ́ínmọ́ín lé e, a ó dé e pinpin. Omi kò kan oúnjẹ yẹn, síbẹ̀ ó jinná dénú. Ooru ló sè é. Ẹni tó bá sì fi ìwàǹwára ṣí ìdérí, ooru á bó o lọ́wọ́ kí ó tó fà á padà. Bẹ́ẹ̀, oníbúrẹ́dì ń ti ọwọ́ bọ ààrò tó gbóná ju ìkòkò yẹn lọ fíìfíì, ó sì ń fà á yọ láìfarapa. Ìdí rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ kì í tètè jọ̀wọ́ iná ara rẹ̀. Alárù ni ooru omi, ìgbà tó bá débi tó tutù ló ń sọ ẹrù kalẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Iná tó ń sọ lítà omi kan tó ti ń hó di ooru tán ju ìlọ́po méje iná tó gbé omi náà láti 30°C dé orí hó. Gbogbo iná yẹn ni ooru gbé dání. Bó bá ti kan irin tútù, á padà di omi, á sì sọ gbogbo rẹ̀ lé irin náà lórí. Ara kòkòrò á dì bí funfun ẹyin ṣe ń dì nínú omi gbígbóná. Ooru omi tó bá wà ní 121°C ń parí iṣẹ́ lára ohun tí kò sí lábẹ́ aṣọ ní ìṣẹ́jú 15, ààrò gbígbẹ yóò sì lo wákàtí méjì gbáko ní 160°C kó tó ṣe irú rẹ̀. Robert Koch àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Berlin láti 1881 pé ooru omi lágbára ju gbígbóná gbígbẹ lọ lórí kòkòrò.

Ṣùgbọ́n ooru ní ọ̀tá, ọ̀tá náà sì ni afẹ́fẹ́ lásán tí à ń mí sínú. Afẹ́fẹ́ wúwo ju ooru omi lọ. Á rì sísàlẹ̀, á jókòó sínú abọ́, á fara pamọ́ sínú ìṣẹ́po aṣọ àti ihò rọ́bà, ibi tó bá sì wà, ooru kò ní ráyè débẹ̀. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé aago ìfúnpá kò mọ afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí ooru. Bí afẹ́fẹ́ bá ti jáde tán, tí aago ń ka pọ́ùn 15 lórí ìnṣì onígun mẹ́rin, inú ẹ̀rọ yóò wà ní 121°C. Bí ìdajì afẹ́fẹ́ bá ṣẹ́kù, aago yóò ṣì máa ka 15, ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ kò ní ju 112°C lọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì lé afẹ́fẹ́ kankan jáde, aago yóò ka 15 síbẹ̀síbẹ̀, gbígbóná inú rẹ̀ yóò sì dúró sí 100°C, bíi ti ìkòkò tí a fi ń se iṣu.

Mo bi Mọ́mì léèrè pé kí ni ọmọ iṣẹ́ tuntun kọ́kọ́ máa ń ṣì ṣe.

“Ó máa ń gba aago gbọ́,” ni èsì wọn.

Ìgbà tí wọ́n ń to ẹrù ni mo sún mọ́ wọn jù. Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀ka náà ló ti kọ́kọ́ tò ó, lójú tèmi ó sì tò ó dáadáa. Àdìpọ̀ dùbúlẹ̀ lórí àdìpọ̀, kò sí àlàfo, bí aṣọ nínú àpótí ìyàwó. Mọ́mì dúró wò ó. Wọn kò bínú.

“Ọmọ mi, ara rẹ lo to èyí fún. Tò ó fún ooru.”

“Ẹ má bínú, Mà.”

Wọ́n jọ kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Mo ń wo ọwọ́ Mọ́mì. Irin lọ sí pẹpẹ ìsàlẹ̀, aṣọ lọ sókè, torí omi tó bá kán láti ara irin kò gbọdọ̀ bọ́ sórí aṣọ. Àdìpọ̀ aṣọ kò dùbúlẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé e nàró lórí etí rẹ̀, bí ìwé nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ooru lè gba àárín ìṣẹ́po wọlé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Abọ́ àti kídìnnì díṣì dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹnu gbogbo wọn kọjú sí ọ̀nà kan náà, ó tẹ̀ díẹ̀. Wọ́n mú abọ́ kan, wọ́n gbé e sílẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ bu ọbẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ náà fojú inú wo omi nínú rẹ̀. “Bí omi bá lè dúró nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà á dúró.” Wọ́n dà á dojú sí ẹ̀gbẹ́. “Ní báyìí ńkọ́?” Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ti yé e.

Ó kan rọ́bà gígùn tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀. Mọ́mì da omi mímọ́ tí iyọ̀ ti kúrò nínú rẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n gbọ̀n ọ́n dànù, wọ́n jẹ́ kí ìwọ̀nba tó rẹ inú rẹ̀ kù síbẹ̀. Mo rò pé ìgbàgbé ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkán omi yẹn ni yóò di ooru nínú rọ́bà fúnra rẹ̀, òun ni yóò sì ti afẹ́fẹ́ inú ihò náà jáde ní orí méjèèjì. N kò rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí nínú iṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni, pé kí ènìyàn gbin ooru sí ibi tí ooru kò ti ní lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tò tán, wọ́n na àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì fi í gba àárín àdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan kọjá, láìyára, bí ẹni tó ń wá owó lábẹ́ ẹní. Ibi tí ọwọ́ kò bá gbà, wọ́n á yọ àdìpọ̀ kan. Àdìpọ̀ mẹ́rin ló kù sílẹ̀ tí kò ráyè wọlé. Àwọn ní tíátà, yàrá iṣẹ́-abẹ, ti ń béèrè wọn. Mọ́mì ní kí wọ́n dúró de ìyípo kejì.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ibi ìfọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba ni mo lò níbẹ̀, torí pé ooru kò lè ṣe iṣẹ́ ọṣẹ. Ẹ̀jẹ̀ tó bá gbẹ mọ́ irin di ilé fún kòkòrò. Àlùmọ́gàjí àti fọ́sẹ́ẹ̀pù, ibi ìsopọ̀ wọn ni ẹ̀jẹ̀ ń lúgọ sí, nítorí náà abẹ́ omi ni wọ́n ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, kí omi ẹlẹ́jẹ̀ má baà ta sójú ẹni tó ń fọ̀. Obìnrin tó wà níbẹ̀ gbé fọ́sẹ́ẹ̀pù kan sábẹ́ dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá, ó ṣí i, ó pa á dé, ó tún ṣí i, ó sì dá a padà sínú omi. Èmi kò rí ohunkóhun lára rẹ̀. Ó ní kí n wo ihò ìdè rẹ̀ dáadáa. Àmì kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò tó orí abẹ́rẹ́. Ṣíṣí ni irú irin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà títí ooru yóò fi kàn án. Èyí tí a bá pa ẹnu rẹ̀ dé ti pa àyè kan mọ́ fún afẹ́fẹ́.

Àwọn tó ń di ẹrù ń ka gọ́ọ̀sì ní márùn-ún márùn-ún, wọ́n ń kà á lójú ẹlòmíràn, nítorí pé iye tí wọ́n kọ sára àdìpọ̀ ni nọ́ọ̀sì tíátà yóò fi mọ̀ bóyá ọ̀kan ti ṣẹ́kù sínú ikùn ènìyàn. Ìdì náà ní ìlànà tirẹ̀. Aṣọ ìpele méjì, igun àkọ́kọ́ bo ohun èlò, wọ́n ṣẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ padà sẹ́yìn kó di etí kékeré. Igun ọ̀tún, igun òsì, pẹ̀lú etí tiwọn. Igun ìkẹyìn wọ abẹ́. Etí kékeré yẹn ló wà fún ọwọ́ ẹni tí yóò tú u. Yóò mú un ní etí, yóò ṣí i kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀, ìka rẹ̀ kò sì ní kan inú láé. Ẹni tó dì í ní ẹ̀yìn ilé ti ń ro ti ọwọ́ ẹni tí yóò tú u ní òru, nínú ìkánjú, nígbà tí ìyá kan ń sunkún lórí tábìlì. Mo rò ó títí, inú mi dùn sí i.

Lẹ́yìn náà wọ́n fi tépù dè é, wọ́n kọ ọjọ́, nọ́ńbà ìyípo, àti lẹ́tà orúkọ ẹni tó dì í. Ìlà ara tépù á yí padà bí ooru bá kàn án. Ọ̀pọ̀ wa, nígbà tí a bá rí ìlà dúdú yẹn, a rò pé ẹ̀rí ìmọ́tótó ni. Ẹ̀rí pé àdìpọ̀ náà ti dé inú ẹ̀rọ ni, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Bébà kékeré mìíràn wà nínú àdìpọ̀, tó ń wo gbígbóná, àkókò àti ooru pọ̀. Òun ni nọ́ọ̀sì máa ń kọ́kọ́ wò kí ó tó jẹ́ kí dókítà fọwọ́ kan irin.

Ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá, iná lọ. Ẹ̀rọ ti gbóná dé ibi tó yẹ, ó ti ń ka ìṣẹ́jú. Jẹnẹrétọ̀ dáhùn, iná padà, gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Mo retí pé wọ́n á jẹ́ kó máa bá ìyókù lọ, níwọ̀n ìgbà tí inú ẹ̀rọ kò tíì tutù. Mọ́mì tẹ bọ́tìnnì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Wọn kò wo ojú ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó ṣe é. Dísẹ́ẹ̀lì tó jóná níbẹ̀, mo mọ iye tí wọ́n ń rà á nílùú, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú tó ti kọjá kí iná tó lọ kò ṣeé rò pọ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, torí pé kòkòrò tí kò tíì kú nígbà tí gbígbóná wálẹ̀ kò jẹ wá ní gbèsè kankan.

Ìgbà tí ẹ̀rọ parí, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọmọkùnrin náà fẹ́ gbé àdìpọ̀ kan sórí tábìlì onírin, Mọ́mì dá a dúró. Bí ohun gbígbóná bá kan irin tútù, ìrì á sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Aṣọ tó bá rin sì dà bí òwú àtùpà, ó ń fa nǹkan mọ́ra. Kòkòrò ara tábìlì tàbí ti ọwọ́ ẹni lè gba inú omi yẹn wọlé. Bí àdìpọ̀ bá ti tutù dé ìwọ̀n ara yàrá níbi tó wà nìkan ni ọwọ́ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀kan rin. Sẹ́ẹ̀tì iṣẹ́-abẹ ìbímọ ni, èyí tí tíátà ń dúró dè gan-an. Ibi tó rin kò ju àtàǹpàkò lọ, ní igun kan. Ìlà tépù rẹ̀ dúdú bí ti àwọn yòókù. Fóònù dún, dókítà ni, Mọ́mì sì gbé e sétí.

“Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti jáde. Ó rin. N kò lè fún yín.” Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń gbọ́. “Sẹ́ẹ̀tì àná kan wà ní kọ́bọ́ọ̀dù, odindi ni, mò ń gbé e bọ̀. Èyí ń padà síbi ìfọ̀.”

Wọ́n tú àdìpọ̀ tó rin náà fúnra wọn, gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe láti àárọ̀: fífọ̀, wíwò, kíkà, dídì, títò. Wọ́n kó aṣọ sínú agbọ̀n, irin sínú omi. Mo bi wọ́n bóyá ó máa ń dùn wọ́n. Wọ́n ní ó máa ń dùn wọ́n bí wọ́n bá rí i pé àwọn ló dì í lẹ́rù jù. Wọ́n wọn aṣọ inú rẹ̀, ó sì lé díẹ̀ sí iye tó yẹ. Wọ́n yọ aṣọ ìbora kan kúrò, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya.

Ẹ̀rọ yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ìwòsàn. Ní 1679, Denis Papin, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń ṣiṣẹ́ ní London, ṣe ìkòkò onídèérí líle tó ń fi ooru tí kò ráyè jáde rọ egungun títí yóò fi rọ̀, ó sì fi fáàfù sí i lórí kó má baà bú gbàmù. Baba ńlá pírẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù tí ẹ fi ń se ṣàkì nìyẹn. Igba ọdún lẹ́yìn náà, ní 1879, Charles Chamberland, tó ń bá Louis Pasteur ṣiṣẹ́ ní Paris, sọ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ di ọ́tókíléèfù, torí pé omi hó lásán kò pa gbogbo kòkòrò. Àwọn kan wà tí wọ́n ń wọ inú èèpo líle nígbà tí ayé bá le fún wọn, wọ́n lè wà nínú omi hó kí wọ́n sì tún jí. Kí omi tó lè gbóná kọjá 100°C, ó ní láti wà ní ìhámọ́.

Nínú ilé-ìwòsàn kan náà, ní láàbù, ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tó yàtọ̀. Ohun olómi ni wọ́n ń fi sínú rẹ̀ níbẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n fi ń sin kòkòrò láti mọ irú àìsàn tó ń ṣe ènìyàn. Ọkùnrin tó wà nídìí rẹ̀ ń tú ìdérí ìgò kọ̀ọ̀kan díẹ̀ kí ó tó gbé e wọlé, kò sì jẹ́ kí ìgò kankan kún. Ó ní ìgò tí a bá dé pinpin jẹ́ bọ́ǹbù. Ìṣẹ́jú 15 ní 121°C, kò gbọdọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, torí ṣúgà inú rẹ̀ yóò jóná, yóò pọ́n, kòkòrò tí wọ́n fẹ́ sìn yóò sì kọ̀ ọ́ bí ọmọ ṣe ń kọ ògì tó ti rùn iná. Sùúrù rẹ̀ wà ní òpin iṣẹ́. Bó bá yára tú ooru jáde, ìfúnpá á já lulẹ̀, omi inú ìgò tó ṣì gbóná ju 100°C lọ á ru gùdù, á kún síta. Ó jókòó síwájú aago, ó ń wò ó bó ti ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Aago ti dé òdo, síbẹ̀ kò dìde. Ó tún fún un ní àkókò, ó wọ ìbọ̀wọ́ líle, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn dípò iwájú rẹ̀, kó tó fà á.

Ibi tí mo ti rí iṣẹ́ yìí ní ìhòòhò jù lọ ni ọsibítù kékeré kan ní abúlé, níbi tí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan ń lo ọ́tókíléèfù tó rí bí ìkòkò lórí sítóòfù kẹrosíìnì. Kò sí ẹ̀rọ tí yóò bá a fa afẹ́fẹ́. Etí rẹ̀ ló ń lò. Ó ṣí fáàfù sílẹ̀, ooru ń jáde ní gẹ́ẹ́rẹ́gẹ́ẹ́rẹ́, ó ń tutọ́, ó ń dákẹ́. Afẹ́fẹ́ ló ṣì ń bá a jáde nígbà náà. Ó dúró títí ìró náà fi di ọ̀kan ṣoṣo, ṣííííí, láìdánu dúró, ó tún jẹ́ kó fọn fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó wá pa fáàfù dé. Aago gun òkè dé 15. Ìgbà yẹn ló tó wo aago ọwọ́ rẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ kíkà: ìṣẹ́jú 20 fún irin tí kò sí nínú aṣọ, 30 fún èyí tó wà nínú aṣọ. Ó rọ iná sílẹ̀ nígbà kan, ó gbé e sókè nígbà kan, aago kò kúrò lójú kan. Kò sí ẹni tó ń wò ó bí kò ṣe èmi, mo sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ti ṣe é bí n kò bá sí níbẹ̀, torí pé ojú rẹ̀ kò wá ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan.

Àwa tí a ń dùbúlẹ̀ lórí tábìlì yẹn kì í mọ orúkọ wọn. Ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ṣe iṣẹ́-abẹ fún mi níbì kan, egbò náà sì rà. N kò lè sọ pé ohun èlò ló fà á, egbò ní ọ̀nà púpọ̀ tó ń gbà rà. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi dùbúlẹ̀ mú mi ka ìtàn Yambuku, ní Zaire, ní 1976. Ní ilé-ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì tó wà níbẹ̀, síríńjì àti abẹ́rẹ́ márùn-ún ni wọ́n ń fún àwọn nọ́ọ̀sì láràárọ̀ fún gbogbo àwọn tó wá gba ìtọ́jú. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n fi ń ṣan án láàárín aláìsàn kan sí èkejì. Àìsàn tí a wá ń pè ní Ẹ̀bólà gba ojú abẹ́rẹ́ yẹn wọ ara àwọn tó wá wá ìlera. Ènìyàn 318 ló kó o, 280 kú. Nígbà tí mo ń wo ìdè fọ́sẹ́ẹ̀pù lábẹ́ dígí lọ́jọ́ yẹn, abẹ́rẹ́ márùn-ún yẹn ni mo ń rò.

Ní ọjọ́ kẹta, mo padà sọ́dọ̀ Mọ́mì, torí pé wọ́n ti ní kí n wá wo nǹkan kan. Nínú ẹrù ọjọ́ tí mo dé, wọ́n ti fi ìgò tín-ín-rín kan pamọ́ sí àárín àdìpọ̀ tó wúwo jù, nítòsí ìsàlẹ̀. Kòkòrò *Geobacillus stearothermophilus* ló wà nínú rẹ̀, nínú èèpo rẹ̀ líle, ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ooru omi ń pẹ́ jù kó tó pa. Kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Wọ́n ń lò ó torí pé bí òun bá kú, kò sí èyí tó yẹ kó kù. Wọ́n ti gbé ìgò náà sínú àpótí kékeré tó ń móoru, pẹ̀lú ìgò kejì tí kò wọ inú ọ́tókíléèfù rárá.

Wọ́n yọ méjèèjì, wọ́n lọ síbi fèrèsé. Ìgò tí kò wọ ẹ̀rọ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi ọ̀pẹ òyìnbó, kòkòrò inú rẹ̀ ti jí, ó ti jẹun, ó ti bí sí i. Èyí tó wọ ẹ̀rọ ṣì jẹ́ àwọ̀ àlùkò, bó ṣe wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mọ́mì gbé wọn sójú ìmọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ju bí èmi yóò ti ṣe lọ, wọ́n yí wọn síbí, wọ́n yí wọn sọ́hùn-ún. Wọ́n wá ṣí ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ya, wọ́n wá nọ́ńbà ìyípo náà, wọ́n kọ èsì síwájú rẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i. Ọmọkùnrin tuntun ti kó táwẹ̀lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ wọlé. Mọ́mì pa ìwé dé, wọ́n mú ọ̀kan nínú rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.